Mo máa ń sùn sórí àdúrà: ṣé ọkàn mi ló ti sùn ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, bàbá. Ó di ọdún 11 tí mo ti fi ayé mi fún Kristi. Nígbà kan, bí agogo 12 òru bá ti lù báyìí, mo ti wà lórí eékún, mo sì lè gbàdúrà títí di agogo 3 láìsí pé oorun ń kùn mí. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, ó di oṣù 7 báyìí, gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Bí mo bá kúnlẹ̀, oorun ni. Bí mo bá ṣí Bíbélì, ojú mi á kàn máa sáré lórí ìlà, kò sí ohun tó ń wọlé. Mi ò padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n iná tó ń jó nínú mi tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ aládùúrà wa sọ pé ọ̀tá ti jí pẹpẹ àdúrà mi gbé, pé bí mi ò bá tètè jí, ohun tó ń bọ̀ á bá mi lójú oorun. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń já. Ṣé lóòótọ́ ni mo ti sùn nípa ti ẹ̀mí? Báwo ni mo ṣe lè padà jí? Ṣé kí n sì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà?"

Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń dà yín láàmú lábẹ́ gbogbo wọn: ṣé Ọlọ́run ṣì ń kà mí mọ́ àwọn tó ń ṣọ́nà, àbí ó ti yọ orúkọ mi kúrò? Ó lé ní 20 ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn onígbàgbọ́ tí irú ẹ̀rù yìí bá, ọkùnrin àti obìnrin, ọmọdé àti àgbà. Ìdí tó fi ń bá wọn kì í sábà jọra. Màá sọ èyí tí mo rí nínú ìwé yín, màá sì jẹ́wọ́ ibi tí ojú mi ò tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú okùn tó lọ́ mọ́ra wọn. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níbí. A ní ṣọ́nà, a ní ṣọ́ra. Ẹni tó ń ṣọ́nà, ọ̀nà ló ń wò, ohun tó ń bọ̀ láti ìta. Ẹni tó ń ṣọ́ra, ara rẹ̀ ló ń ṣọ́. Bíbélì ní ká ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ti sọ èkejì nù. Ọ̀nà nìkan là ń wò, òru nìkan la sì gbà pé a fi ń wò ó. Bí wọ́n bá ti ní kí Kristẹni wà lójúfò, ohun tó ń wá sí wa lọ́kàn ni ká má sùn, àfi bí ẹni pé ìpéǹpéjú wa ni Ọlọ́run ń ṣírò. Ẹ padà lọ ka òwe àwọn wúńdíá 10 nínú Mátíù orí 25. Wọ́n máa ń wàásù rẹ̀ bí ẹni pé 5 sùn, 5 ò sùn. Rárá o. Ọkọ ìyàwó pẹ́, gbogbo wọn tòògbé, gbogbo wọn sùn, ọlọ́gbọ́n àti aláìgbọ́n. Igbe kan náà ló jí wọn láàárín òru. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni òróró tí àwọn kan ti gbé dání kí oorun tó dé. Mo mọ̀ pé ẹsẹ 13 tó pa òwe náà dé ní ká máa ṣọ́nà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé ìṣọ́nà tí Jésù ń sọ ju àìsùn lọ, torí àwọn 5 tó bá ọkọ ìyàwó wọlé náà sùn kí wọ́n tó wọlé.

Ẹlòmíràn á ní, Gẹ́tísémánì wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni Jésù ti bi Pétérù pé ṣé wọn ò lè bá òun ṣọ́nà fún wákàtí kan. Òótọ́ ni, mi ò sì ní bomi là á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó béèrè: wákàtí kan, ní òru ọjọ́ kan, nítorí ohun tó ti kan ilẹ̀kùn. Ẹ tún wo ohun tí Lúùkù, tó jẹ́ oníṣègùn, fi kún un, pé ìbànújẹ́ ló mú wọn sùn. Olúwa fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀mí ń fẹ́, ara ni kò lágbára. Ó bá wọn wí, ó sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Pétérù ló máa ń ká mi lára jù nínú ìtàn yẹn. Ó sùn nígbà tó yẹ kó gbàdúrà. Nígbà tó jí, idà ló fà yọ, ó gé etí ọmọ ọ̀dọ̀ olórí àlùfáà. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti sẹ́ Olúwa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó lajú ló fi í hàn, ju oorun tó sùn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti sùn, ẹ má wo orí eékún nìkan. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣe nígbà tí ojú yín là sílẹ̀.

Ọmọ oṣù 7 wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò sọ iye ìgbà tó ń jí yín lóru, ṣùgbọ́n mo rí i pé agogo 2 òru ti kọjá nígbà tí ẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba orí 19. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè Kámẹ́lì bọ̀ ni, níbi tí iná ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ó sá wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun, ó sì sùn. Bó bá jẹ́ nínú ìpàdé àwa kan ló ti ṣẹlẹ̀, a ò bá ti dọwọ́ bò ó lórí, ká máa lé ẹ̀mí oorun jáde. Áńgẹ́lì dé, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún padà sùn. Áńgẹ́lì náà kò bínú. Ó tún wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kó tún jẹun, nítorí ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún un. Oúnjẹ yẹn ló fi rin 40 ọ̀sán àti 40 òru dé òkè Hórébù, ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti wá bi í pé kí ló ń ṣe níbí. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: oorun, oúnjẹ, oorun, oúnjẹ, ìrìn, kí ìbéèrè tó dé. Ara kì í ṣe òkúta. Ẹni tó dá a kò gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí arábìnrin yẹn sọ wá ńkọ́? Mi ò ní sọ fún yín pé kò sí ọ̀tá. Pétérù kan náà tó sùn ní Gẹ́tísémánì ló kọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé Èṣù ń rìn káàkiri bí kìnnìún tó ń ké ramúramù, 1 Pétérù 5:8. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ẹsẹ 8 dẹ́rù bani kì í sábà ka ẹsẹ 7 tó ṣáájú rẹ̀, níbi tó ti ní ká kó gbogbo àníyàn wa lé Ọlọ́run nítorí ó ń tọ́jú wa, wọn kì í sì í ka ẹsẹ 9 tó tẹ̀ lé e, tó ní irú ìyà kan náà ló ń jẹ àwọn ará wa káàkiri ayé. Sọ ẹrù kalẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kí o ṣọ́ra, kí o sì mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́. Ẹni tó ru àníyàn kò lè ṣọ́ nǹkan kan, ara ẹrù orí rẹ̀ ni gbogbo ojú rẹ̀ wà kó má baà já. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Bíbélì wa túmọ̀ sí àìrékọjá nínú ẹsẹ yẹn, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpilẹ̀ ni kí ọtí má sí lójú ẹni. Ẹ̀rù náà a sì máa pa èèyàn bí ọtí. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já á rí ọ̀tá níbi tí kò sí, á sì fo èyí tó dúró níwájú rẹ̀ gan-an kọjá. Ní ti pẹpẹ àdúrà tí wọ́n ní wọ́n jí gbé, mo wá a nínú Májẹ̀mú Tuntun, mi ò rí i. Ohun tí mo rí ni Róòmù 8:26, pé Ẹ̀mí ń ràn wá lọ́wọ́ nínú àìlera wa, nígbà tí a kò tilẹ̀ mọ bó ti yẹ ká gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Nígbà tí mo lé ní 30 ọdún díẹ̀, mo fi odidi oṣù 3 gbàdúrà òru láìfo ọjọ́ kan. Mo ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan, inú mi sì ń dùn sí ìwé náà ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn náà, ẹnu mi mú bí abẹ. Mo jágbe mọ́ ọmọ ìjọ kan lójú àwùjọ nítorí pé ó pẹ́ dé. Ìyàwó mi ń gbé ìbànújẹ́ kan kiri inú ilé, mi ò rí i. Òun ló wá wí fún mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé, "Ẹ ń ṣọ́ ọ̀tá lóru, ẹ ò ṣọ́ ẹnu yín lọ́sàn-án." Mi ò rí èsì fọ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Èmi ti gbé ojú tèmi lọ sóde, mo fi orí sílẹ̀. Mo ṣì ń gbàdúrà òru o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìwé kékeré yẹn ni mo sọ nù.

Kí wá ni oorun ọkàn gan-an? Nínú èyí tí mo ti rí, ó máa ń wọlé nígbà ìrọ̀rùn ju ìgbà ààrẹ̀ lọ. Ẹ wo Dáfídì nínú 2 Sámúẹ́lì orí 11. Ìgbà tí àwọn ọba ń lọ sógun ni, ó rán Jóábù lọ, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù. Ìrọ̀lẹ́ ló dìde lórí ibùsùn, ó ń rìn lórí òrùlé, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára aya Ùráyà. Kò tòògbé rárá, ojú rẹ̀ là kedere. Ó dẹ́ṣẹ̀, ó pa ọkọ obìnrin náà mọ́ ọn, wọ́n ti bí ọmọ náà kí Nátánì tó wá pòwe fún un, ó sì bínú gidigidi sí ọkùnrin inú òwe láìmọ̀ pé òun ni. Oorun nìyẹn. Sámúsìnì náà dìde lórí orúnkún Dẹ̀lílà, ó ní òun á gbọn ara òun bí ti àtẹ̀yìnwá, kò mọ̀ pé Olúwa ti fi òun sílẹ̀. Àìmọ̀ yẹn ni àmì tí mo máa ń wá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ sùn kì í sunkún iná tó kú, kò tíì mọ̀ pé ó kú. Ó ṣì ń kọrin, ó ṣì ń darí ìpàdé, ó tiẹ̀ lè máa gbàdúrà òru. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gún un tẹ́lẹ̀ kò gún un mọ́: irọ́ kékeré, owó tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tó ti ń dì sínú láti ọdún tó kọjá. Bí ẹ bá bá a wí, á ṣàlàyé, àlàyé rẹ̀ á sì dùn létí.

Ìwé yín kò jọ ti ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tó sùn kì í kọ̀wé lóru pé òun fẹ́ jí. Àmọ́ ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi yìí ṣe ìrọ̀rí o. Ẹ ní ẹ ò padà sínú ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí ẹ mọ̀. Mo gbà yín gbọ́. Ẹ ṣáà máa fi sùúrù bi ara yín ní ìbéèrè náà látìgbàdégbà.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe ààrẹ̀, tí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni mo máa ń pè é. Ó ti pẹ́ láyé. Evagrius, tó gbé nínú aginjù Íjíbítì tó sì kú ní 399, kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn tó fi ayé sílẹ̀ torí àdúrà. Ó ní láàárín ọ̀sán, oòrùn á dà bí èyí tí kò rìn mọ́, ọjọ́ á gùn bí 50 wákàtí, onítọ̀hún á máa yọjú wo ìta ṣáá, á máa rò pé ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn ará, pé ibòmíràn á sàn ju ibi tóun wà lọ. Ẹ̀mí èṣù ọ̀sán gangan ló pè é. Ẹ gbọ́ o, ọ̀sán, kì í ṣe òru! Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò ní àrà kankan nínú: má sá kúrò níbi tí o wà. Lóde òní, nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà Mother Teresa, tó tọ́jú àwọn tálákà ní Íńdíà, jáde ní 2007, ọdún 10 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí ayé pé ọ̀pọ̀ ọdún ni obìnrin yẹn fi sin Ọlọ́run láìmọ̀ ọ́n lára pé ó wà nítòsí. Síbẹ̀ ó ń jí lójoojúmọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Iná tí ẹ ní kò sí mọ́ yẹn, ó lè jẹ́ pé ìmọ̀lára rẹ̀ ló lọ, tí ẹyin iná rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ eérú.

Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ààrẹ̀, oorun ọkàn àti ọ̀gbẹlẹ̀, ló wá jẹ́ tiyín? Ààrẹ̀ ni mo fura sí jù, ṣùgbọ́n láti inú ìwé kan, ìfura ni mo lè pè é. Ọ̀ràn kan sì wà tí kì í ṣe èmi ló yẹ kó wò ó. Ìrẹ̀wẹ̀sì tó máa ń tẹ̀ lé ìbímọ lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún àkọ́kọ́, ó sì máa ń jọ ohun tí ẹ ń sọ yìí. Bí ẹ ò bá lè sùn kódà nígbà tí ọmọ ń sùn, bí kò bá sí ohun tó ń mú inú yín dùn fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, ẹ lọ rí dókítà. Bí ó bá ń wá sí yín lọ́kàn láti pa ara yín tàbí ọmọ lára, ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí yín, kí ẹ sì lọ lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé àdúrà kankan. Àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú, àdúrà àti oògùn kì í bá ara wọn jà.

Ní ti bí ẹ ṣe lè padà sípò, àwọn kan á ní kí ẹ fagbára gba òru padà: ẹ dúró, ẹ máa rìn, ẹ fomi tútù bọ́jú. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí ọ̀lẹ ń ṣe. Fún ẹni tí ọmọ kò jẹ́ kó sùn, á ṣiṣẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ìkanra á dé, ọmọ náà ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ààwẹ̀? Bí ẹ bá ń fún ọmọ lọ́yàn, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ báyìí. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ tì títí ọmọ á fi dàgbà, ṣebí Ọlọ́run mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ lóòótọ́, àmọ́ mo ti rí àwọn tó sinmi títí ìsinmi fi di ibùgbé, tí ọmọ náà ti bímọ tirẹ̀ tí wọn ò tíì padà. Kékeré tí kò ní já ni èmi á yàn. Bíbélì kò ya wákàtí kan sọ́tọ̀. Pọ́ọ̀lù àti Sílà gbàdúrà láàárín ọ̀gànjọ́ nítorí inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà, wọ́n sì ti nà wọ́n. Jésù dìde ní ìdájí. Dáníẹ́lì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ísákì, nínú pápá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọmọ bá jí yín, ẹ fi gbólóhùn méjì bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bó ṣe wà láyà yín, tàbí Sáàmù kan tí ẹ ti mọ̀ sórí, kí ẹ sì padà sùn. Lọ́sàn-án, ẹ wá ìṣẹ́jú 10 tí ojú yín là dáadáa, ẹ ka ẹsẹ 5 tàbí 6, ẹ má ka orí mẹ́ta. Kí ẹ tó sùn lálẹ́, ẹ wẹ̀yìn wo ọjọ́ náà: ibo ni mo ti rí oore, ibo ni ẹnu mi ti yọ̀, ta ló yẹ kí n bẹ̀? Bí ẹ bá ní kò sáyè fún èyí, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ìṣẹ́jú tí fóònù ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan. (Mo ṣírò tèmi. Mi ò ní sọ iye tí mo bá.)

Lójú tèmi, ibi tí a ti ṣì í jù ni pé a rò pé ẹnì kan ló ń ṣọ́nà. Máàkù 13:35 dárúkọ ìṣọ́ mẹ́rin tí wọ́n pín òru sí nígbà náà: ìrọ̀lẹ́, ọ̀gànjọ́, ìgbà àkùkọ, òwúrọ̀. Kí ni wọ́n ń pín in fún, bí kò ṣe kí ẹni tó ṣọ́ tán lè sùn? Ní Herrnhut, ní Jámánì, lọ́dún 1727, àwọn Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Moravian, ọkùnrin 24 àti obìnrin 24, pín wákàtí ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́, kálukú wákàtí kan. Àdúrà náà lọ láìdáwọ́ dúró fún ohun tó lé ní 100 ọdún. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó gbàdúrà fún wákàtí 24. Nínú wákàtí 23 tó kù, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n ń sùn, ẹlòmíràn ń ṣọ́. Ẹ ti ṣe ìṣọ́ òru tiyín fún ọdún 10, arábìnrin mi. Ẹlòmíràn ló kàn. Bí bàbá ọmọ bá sì wà nílé, kó gba ọmọ náà lọ́wọ́ yín ní òru kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ olùṣọ́ nìyẹn náà.

Ó ku ti ẹgbẹ́ aládùúrà. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Mi ò tíì gbọ́ tẹnu arábìnrin yẹn, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ ló fi sọ ohun tó sọ, kó kàn jẹ́ pé ohun tí wọ́n fi kọ́ òun náà nìyẹn. Ẹ lọ bá a. Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀ pé iye wákàtí báyìí ni mò ń sùn, ṣé ẹ lè bá mi gba wákàtí àdúrà mi fún oṣù 3, ṣé ẹ lè wá bá mi gbé ọmọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan kí n lè fojú kan oorun? Bó bá ní òun gbọ́, tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ sì ṣe é, ẹ dúró síbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun búburú tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣì ń sọ, pàápàá bí wọ́n bá ní owó tàbí àkànṣe ètò kan ló lè dá a dúró, ẹ sọ fún olùṣọ́ àgùntàn yín, kí ẹ sì kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ti wá ìpàdé mìíràn, bó tiẹ̀ jẹ́ ti èèyàn méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ tó kúrò ní ti àkọ́kọ́.